Táyà Ẹ̀yìn Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Ẹni tó bá fẹ́ kí orí òun dàrú, kó ra káà spọ́ọ̀tì, kó sì máa béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn Àbújá nípa iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà rẹ̀. Èmi béèrè. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé orí mi ṣì wà lọ́rùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ sókè òkun ló ta ọkọ̀ náà fún mi. Ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, rímù rẹ̀ tóbi, rọ́bà táyà rẹ̀ sì tínrín bíi bẹ́líìtì. Bí mo bá wà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, níbi tí títì ti dán, inú mi máa ń dùn débi pé èmi tí mi ò lóhùn á máa kọrin. Ṣùgbọ́n tó bá kan gegele pẹ́rẹ́, bóyá ti ẹnu géètì ẹ́sítéètì wa ní Galadimawa, ìdí rẹ á gbọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ á sì jẹ́rìí sí i. Mi ò rò ó nígbà tí mò ń rà á. Ta ló ń ro ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń ra ọkọ̀?

Ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fún iṣan kan mọ́lẹ̀, kò lè rìn dáadáa mọ́, ni a fi gbé e wá sí Àbújá láti ìlú wa lẹ́yìn Kabba. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Dókítà ní kó máa rìn káàkiri ọgbà láràárọ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má gbé ohun tó wúwo. Ó ní tó bá ṣe díẹ̀, ó lè lọ sílé, bí ọkọ̀ ò bá ti ní máa jù ú sókè jù ú sílẹ̀. Bí ibì kankan bá sì dùn ún lọ́nà, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ká yí padà.

Màmá mi fẹ́ lọ sílé lójú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, wà nílé, ojú rẹ̀ sì ń lọ. Wọ́n ti tọ́jú ojú náà títí, dókítà ojú ti ní ohun tó bá kù níbẹ̀ ni kó máa lò. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní èdè ìlú wa, èyí tí èmi tí wọ́n tọ́ ní Àbújá gbọ́ yékéyéké, ṣùgbọ́n bí n bá fẹ́ fi dáhùn, ahọ́n mi á lọ́. Màmá mi máa ń ṣí fóònù sí gbangba, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí ìyá àgbà yẹn sọ fún un pé:

“Àwọ̀ aṣọ ò hàn sí mi mọ́. Tètè wá kí n rí ojú rẹ, kó tó di pé ohùn rẹ nìkan ló kù fún mi.”

Màmá mi ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ táyà nìyẹn. Bí táyà bá le jù, kòtò tó wà ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja á máa gún ìyá mi lẹ́yìn. Bó bá rọ̀ jù, oòrùn Abaji á pa á, á bẹ́ lórí eré, gbogbo wa á sì di ìtàn. Àárín ni mò ń wá. Mo rò pé ohun tí èèyàn kàn ń béèrè ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá sí i ni bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, awakọ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá kí màmá mi kú ewu ọsibítù. Bó ti ń lọ, ó dúró ti ọkọ̀ mi, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ta òmíràn, ó mi orí. Ó ní táyà tó ń lọ ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ le. Ogójì lójú géèjì ni kí n fi sí gbogbo rẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, sà. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí àgbà bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, o ò ní jiyàn. O ó dúpẹ́, o ó sì ṣe é, torí pé ó máa padà wá wò ó. Lóòótọ́, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá padà wá, ó tún fi ẹsẹ̀ ta á.

Fọkanáísà tí mò ń lọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráńdábaòtì Galadimawa. Ọmọ Hausa ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Bó bá ti rí mi, á kí mi pé sànnu, Hajiya. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, mi ò dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n mo ti gba oyè náà. Mo ní kó fi ogójì sí i. Ó ní yauwa, bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dára, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo retí pé kó bá mi jiyàn díẹ̀, kí n lè mọ ibi tí mo dúró sí. Kò bá mi jiyàn. Ó dá mi lójú pé bí mo bá ní ọgọ́rùn-ún, yauwa náà ló máa sọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Wuse, wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ ogójì, ó gbá orí mú. Ó ní ṣé mo fẹ́ pa Mọ́mì ni? Ó ní afẹ́fẹ́ máa ń wú nínú ooru, òun ti kà á, ogójì àárọ̀ kì í ṣe ogójì ọ̀sán. Ọgbọ̀n ni kí n fi sí i. Ó ní táyà tó le yẹn, bí ẹni jókòó sórí òkúta ni. Màmá mi jókòó síbẹ̀, ó ń yọ egungun ẹja. Ní ọjọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ fọkanáísà, mo ní kó dín in kù sí ọgbọ̀n. Ó ní yauwa.

Mo ronú pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún táyà iwájú, márùndínlógójì fún tẹ̀yìn bí èèyàn àti ẹrù bá wà níbẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ka á sí i létí. Ó ní bébà náà ò wúlò, nítorí ẹni tó tà á fún mi ti pààrọ̀ rímù, táyà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ bébà kọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Mo bi í pé mélòó wá ni. Ó ní òun náà ò mọ̀, ṣùgbọ́n kò ju ọgbọ̀n lọ. Mo ti fóònù pa kí n tó bú ọmọ ìyá mi.

Mo pinnu pé n ó tẹ̀ lé bébà, fọkanáísà sì fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ra géèjì kékeré kan lọ́jà Wuse, kí n lè máa wọn táyà fúnra mi láàárọ̀ kí oòrùn tó ràn, a sì mú ọjọ́ Sátidé kan láti gbéra. Ibi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí yìí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọn wọ́n, táyà mẹ́ta wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìkẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí fọkanáísà fẹ́ ẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún ti sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó jò tán o, ó kàn rọ̀ ni. Lọ́jọ́ mìíràn ó fi díẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lọ́jọ́ mìíràn ó kéré sí i, kò ní ìwọ̀n kan pàtó tó ń tẹ̀ lé. Fọkanáísà tú u, ó rì í bọ omi, a jọ tẹjú mọ́ ọn. Omi ò hó rárá. “Kai,” ló sọ, ó tún rì í. Ó pààrọ̀ ẹnu kékeré tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti rọ̀. Ó ní bóyá etí rímù ló dọ̀tí, ó ha á títí ó fi ń dán. Ilẹ̀ tún mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ yauwa mọ́. Ó kàn ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mú nǹkan kan bá a wá.

A sún ìrìn àjò síwájú. A tún sún un. Bàbá ẹgbẹ́ gbọ́, ó pè mí, ó ní òun ti sọ fún mi, ogójì ni. Ó ní ọkọ̀ tí ẹnìkan ti lò rí, ta ló mọ ohun tó gbé wá? Àbúrò mi ní géèjì mi ló ń purọ́. Mo ní kí ló dé tí kì í purọ́ fún táyà mẹ́ta yòókù? Mo ti ń fura sí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wa, ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan rí ju kó kí mi lọ. Níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé, táyà ni mò ń rò. Ẹni tó kàwé dójú àmì ni mo pe ara mi o, ṣùgbọ́n ohun kan tó rí kiribiti, tó sì dúdú, ti sọ mí di ọ̀dẹ̀.

Ìyá àgbà ń pe fóònù ní tirẹ̀. Ó ní òun bu ata sínú ẹ̀kọ, òun rò pé ṣúgà ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí, màmá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé ìgbà wo la wá ń lọ. Mo jágbe mọ́ ọn pé táyà ni, ṣé òun ò rí i pé táyà ni? Ó wò mí jẹ́jẹ́.

“Ṣé kò lè lọ bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ní kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa, Ọlọ́run á ṣe é, ó sì kọjú sí ògiri. Inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé bí ojú obìnrin yẹn bá ṣú tán kí a tó dé ibẹ̀, màmá mi ò ní bá mi jà, ohun tó sì máa dùn mí jù nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ, ooru lé mi jáde nínú yàrá kí n tó gbàdúrà. Ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, mo sì gbọ́ ìró kan, ṣíì, bí ẹni pé ẹnìkan ń dá ọmọdé lẹ́kun. Màmá mi ni. Ó jókòó sórí àpótí ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gangan bí dókítà ṣe wí, ìborí rẹ̀ ti yọ sí èjìká kan. Píìnì tó fi ń mú ìborí náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ń tẹ ẹnu táyà. Kò ta gìrì. Ó bi mí pé ṣé mo ti jí.

“Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń dín in kù.”

Mo ní dókítà ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò bẹ̀rẹ̀, òun jókòó. Mo ní ṣé lójoojúmọ́ ni. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń rìn káàkiri bí dókítà ṣe pàṣẹ ni. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là: táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló wà lábẹ́ ibi tí ó máa ń jókòó sí. Kò fọwọ́ kan táyà ẹlòmíràn. Tirẹ̀ nìkan ló ń bá wí.

Inú bí mi, kí n má purọ́. Gbogbo ìtìjú tí mo jẹ lọ́dọ̀ fọkanáísà padà wá sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

“Ọjọ́ tí o fi ọkọ̀ yìí gbé mi bọ̀ láti ọsibítù, kò sí gegele tí kò gún mi lẹ́yìn. Mo mú un mọ́ra. Bí mo bá sọ ọ́, wàá ní n ò lè lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò sì lè dúró dè mí.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ìbínú náà ò rí ibi dúró sí. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní nígbà tí òun lóyún mi, orí alùpùpù ni bàbá mi máa ń gbé òun gba ọ̀nà oko lọ síbi ìtọ́jú aboyún, àti pé kí wọ́n tó gbéra, bàbá mi máa ń fi igi ìṣáná tẹ ẹnu táyà ẹ̀yìn, kó lè rọ̀, kó má baà máa jù wá. Ó ní òun ò gbọ́ géèjì rí lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn máa ń fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà wò, á ní ó ti tó. Ó ní òun rò pé bí òun bá ń dín in kù bẹ́ẹ̀, ó máa sú mi lọ́jọ́ kan, màá jẹ́ ká lọ.

Bàbá mi ti kú, mi ò lè bi í pé mélòó ni. Mo ṣàlàyé fún màmá mi pé alùpùpù tó ń rọra lọ ní ọ̀nà oko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà gbígbóná, pé táyà tó bá rọ̀ báyìí máa ń gbóná láti inú wá, ó sì lè bẹ́. Ó ro ó wò.

“Ìwọ lo máa wà nídìí ọkọ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na píìnì náà sí mi. Mo gbà á.

Mo wá bá a ṣe àdéhùn. Mo ní dókítà ò ní kó máa fara dà á, ó ní kó máa sọ ọ́. Mo ní kó pariwo bó bá ti dùn ún tó. Bí ìrora bá dé tí kò lọ, a ó dúró, a ó na ara, a ó sùn sọ́nà bó bá gba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ariwo lásán, mi ò ní yí ọkọ̀ padà sí Àbújá. Ó ní kí n búra. Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè, bíi ti ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Fọkanáísà fẹ́ táyà bí bébà ilẹ̀kùn ṣe wí, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Mi ò sọ fún un ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà yẹn. Mo kàn ní ó ti sàn. Bàbá ẹgbẹ́ pè láti mọ̀ bóyá ogójì ni mo fi sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọlọ́run á foríjì mí. Mo kó ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn màmá mi àti sí ìdí rẹ̀, a sì gbéra.

Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Gwagwalada. Mò ń wò ó nínú dígí, mo rí i pé ó di etí ilẹ̀kùn mú, ètè rẹ̀ pa pọ̀. Nígbà tí a ń wọ Abaji, mo kó sí kòtò kan tí mi ò rí.

“Yéè!”

Ẹsẹ̀ mi lọ sórí bíréèkì. Ojú wa pàdé nínú dígí. Kì í ṣe kòtò ló ń rò, èmi ló ń wò, bóyá màá yí padà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mo sì ń lọ síwájú. Láti ìgbà náà ni ẹnu rẹ̀ ti là. Yéè níhìn-ín, yéè lọ́hùn-ún, títí kan ibi tí títì ti dán. Mo ní Mọ́mì, kò sí kòtò níbí o. Ó ní òun mọ̀, òun ń san gbèsè èyí tí òun gbé mì tẹ́lẹ̀ ni.

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta iṣu kó lè rìn díẹ̀. Mo fi géèjì wọn táyà, gbogbo wọn ti gòkè, ó fẹ́ẹ̀ kan ogójì tí bàbá ẹgbẹ́ wí. Orí mi tún dàrú. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, ó ní kí n tú díẹ̀ dànù kíákíá. Bébà ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀sán. Màmá mi wo èmi, ó wo táyà, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, láìbẹ̀rẹ̀ jù, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá iye yẹn ló tọ́ tàbí Ọlọ́run ló kàn ṣàánú wa.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a dé. Ìyá àgbà jókòó níwájú ilé, ó kọjú sí ọ̀nà. Mo di màmá mi mú lápá, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn lọ. Ìborí rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, torí pé píìnì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú rẹ̀, ó fà á súnmọ́ tirẹ̀ títí imú wọn fi fẹ́ẹ̀ kanra. Ó wò ó títí. Ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún wò ó láti ibẹ̀.

“O ti rù,” ló sọ. “Irun iwájú orí rẹ sì ti funfun tán.”

Màmá mi, tó ti pariwo láti Abaji dé Kabba, sunkún láìpariwo. Ó yíjú sí mi, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Ó rí mi,” ló ní. “Ṣé o gbọ́? Ó rí mi.”